Ajá Tí Lọ́yà Àgùntàn Kò Rí Mú

Tí ẹ bá dé àdúgbò náà lónìí, tí ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ Lọ́yà Àgùntàn fún yín, ìtàn ajá ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Wọn kò ní sọ pé èèyàn rere ni, bẹ́ẹ̀ èèyàn rere ni. Wọn kò ní sọ pé àwọn àgùntàn rẹ̀ sanra ju ti gbogbo ayé lọ. Ọjọ́ tí òun àti ajá wọ ìjàkadì, tí káfíńtà wá là wọ́n, ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín á sì ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu kí wọ́n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni. Ojú ọ̀run ṣú débi pé ìyàwó Lọ́yà, tí í ṣe aránṣọ, kò rí òwú fi sí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó sì ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tì. Lójijì ni ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nínú ilé àgùntàn tó wà lẹ́yìnkùlé. Gbígbó náà le, kì í ṣe ti ọmọ ajá.

"Ajá yẹn ti tún dé o!" ni aránṣọ figbe ta. "Ó ti wọlé ti àwọn abiyamọ! Ẹ gbà wá o!"

Káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ilé wọn, gbé pákó kan, ó fo ọgbà, ó já wọ ilé àgùntàn. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ni gbígbó náà dákẹ́. Inú ibẹ̀ dúdú. Ó rí nǹkan kan tó ba mọ́lẹ̀ ní igun, kò sì bi í léèrè orúkọ. Ó gbé pákó sókè, ó fi bà á gbà!

"Yéè! Orí mi o!"

Ajá kì í sọ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ju pákó nù. Lọ́yà Àgùntàn ló dìde nílẹ̀ yẹn, ó fọwọ́ di iwájú orí, koríko gbígbẹ kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ̀yin ni? Ajá ọ̀hún dà?"

"O tún ń bi mí pé ajá dà? Mo ti dì í lọ́rùn mú! Mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Ó ku kí n so ó lókùn! Ìwọ lo wá fi pákó fọ́ mi lórí, tí ọwọ́ mi tú, tí ajá gba ojú fèrèsé lọ!"

Káfíńtà wo fèrèsé. Fèrèsé ọ̀hún kò fẹ̀ ju abọ́ ìjẹun lọ. "Ibí yìí náà ni ajá ńlá yẹn gbà, Bàbá?"

"Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, á tẹ́ẹ́rẹ́," ni Lọ́yà dáhùn.

Káfíńtà bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Lọ́yà gba ẹ̀bẹ̀, àmọ́ ó jẹ́ kó yé e pé àánú ló ṣe òun. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, káfíńtà ti kan ilẹ̀kùn tuntun sí ilé àgùntàn lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìdè irin tó dára. Lọ́yà dúró tì í, iwájú orí rẹ̀ wú kókó, ó ń júwe ibi tó yẹ kó kan ìṣó sí fún un.

Ọkùnrin yìí kò dúró níwájú adájọ́ rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ Lọ́yà Àgùntàn ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìdí ni pé kò sí ẹ̀sùn tí wọ́n lè fi kan àgùntàn kan tí kò ní wí àwíjàre rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgùntàn jẹ òdòdó ọ̀gá ilé-ìwé tán pátápátá, obìnrin náà wá pẹ̀lú ìbínú. Lọ́yà fi í sórí àga, ó fún un lómi, ó sì ṣàlàyé pé ẹ̀ka òdòdó náà ló kọ́kọ́ na ọrùn kọjá ọgbà. "Òdòdó yín ló wá kí àwọn àgùntàn mi nílé, Màdámù. Ẹ kò sì ní fẹ́ kí wọ́n yájú sí àlejò."

Ọ̀gá ilé-ìwé yìí kan náà ló tún ṣalábàápàdé rẹ̀ nígbà tó yá. Ní àkókò tí àwọn àgùntàn ń bímọ, tí òtútù sì mú, Lọ́yà a máa kó àgékù aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀, a sì máa rán ẹ̀wù pélébé fún àwọn ọmọ tuntun kí òtútù má pa wọ́n. Aránṣọ kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-ìwé gbé aṣọ tuntun tí aránṣọ rán fún un wọ̀, ó ń yan lọ lójú títì, àfi bó ṣe pàdé ọmọ àgùntàn kan tó wọ irú aṣọ náà gan-an, títí dórí bọ́tìnnì. Obìnrin náà dúró. Ọmọ àgùntàn náà dúró. Lọ́yà tó ń bọ̀ lẹ́yìn bọ́ fìlà.

"Màdámù," ló wí, "ó yẹ ẹ̀yin méjèèjì."

Ọjọ́ yẹn ni aránṣọ ra àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ fún àgékù aṣọ.

Ìyà jẹ aránṣọ, kí á sọ òtítọ́. Èèyàn tí kì í wọ aṣọ tí kò lọ̀ ni. Ìlà ara ṣíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a máa gún bí ọ̀bẹ. Ó rò pé ọkọ nìkan lòun fẹ́, àṣé ó fẹ́ agbo àgùntàn mọ́ ọn. Tí àsìkò ìbímọ wọn bá ti dé, pálọ̀ di ilé ìtọ́jú. Ọmọ tí òtútù bá mú a wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, èyí tí kò lè mu ọmú a wà lórí àga àlejò. Àlejò a dúró sórí ẹsẹ̀. Lọ́yà a tún máa pàṣẹ pé kí gbogbo ilé máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, nítorí pé àwọn aboyún ń sinmi.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ń pariwo, ìyá wọn," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Nígbà tí èmi lóyún, ọjọ́ tí ìrọbí mú mi, òrùlé lẹ ń kàn ní ìṣó lé mi lórí!"

"Ìwọ lè sọ̀rọ̀. Àwọn yìí kò lè sọ̀rọ̀." Ó ronú díẹ̀. "O sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́."

Nígbà tí àgùntàn kan bí ìbẹta, Lọ́yà sáré lọ sí ilé ìtajà oògùn láti lọ ra fídà. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ọdún kẹ̀? Àárọ̀ yìí la bí wọn. Mẹ́ta ni."

"Mẹ́ta! Ọlọ́run ṣeun o! Ìyá wọn ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Ó ti dìde, ó ti ń jẹ koríko."

Ọmọbìnrin náà ṣì la ẹnu sílẹ̀ nígbà tí etí funfun kékeré kan yọ níbi ọrùn ẹ̀wù Lọ́yà, tí nǹkan sì ké mẹ̀ẹ́ẹ̀ ní àyà rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ó fún un ní fídà náà kíákíá kó lè tètè jáde.

Lọ́yà lérí pé òun mọ ohùn àgùntàn òun kọ̀ọ̀kan. Alápatà àdúgbò ní irọ́ ni. Bí wọ́n ṣe fi aṣọ di Lọ́yà lójú nìyẹn, tí wọ́n ń fa àgùntàn wá lẹ́yìn ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń dá gbogbo wọn mọ̀ láìtàsé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú alápatà, ó yọ́ lọ bá aránṣọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó ké bí àgùntàn lẹ́ẹ̀kan péré. Inú ń bí aránṣọ sí ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló bá gbà. Ó wò yíká pé kò sí oníbàárà òun kankan nítòsí, ó sì ké mẹ̀ẹ́ẹ̀.

Lọ́yà gbé orí sókè. "Ìyàwó mi nìyẹn," ló wí. "Inú ń bí i, oúnjẹ mi kò sì tíì jiná."

Ojú ti aránṣọ débi pé ó búra pé òun kò ní fi ẹnu òun ké bí ẹranko mọ́ títí òun á fi kú.

Gbogbo èyí dùn mọ́ Lọ́yà, àmọ́ ohun tó fi ń yangàn jù lọ ni ọ̀rọ̀ Máfọwọ́kànmí. Máfọwọ́kànmí ni àgùntàn rẹ̀ tó ga jù, olójú dúdú, agbéraga. Kò sí ọdún tí kì í bímọ, kò sì sí ọdún tí kì í kọ ọmọ náà. Bí wọ́n bá gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀, á wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlòmíràn bá, á fi orí kàn án dànù, á sì máa jẹun rẹ̀ lọ. Ọmọ àgùntàn tí kò bá tètè rí ọmú ìyá rẹ̀ mu lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òtútù ló máa pa á.

Lọ́yà nìkan ló rí ọgbọ́n ta sí i. Á kó ìyá àti ọmọ sínú yàrá kékeré tí wọ́n fi pákó pín sọ́tọ̀, á lé gbogbo èèyàn jáde. "Mo fẹ́ bá oníbàárà mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀." Á ti ilẹ̀kùn. Kò ní pẹ́, ajá burúkú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nínú ibẹ̀, ariwo á sọ, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Tí Lọ́yà bá jáde, á máa gbọn koríko kúrò ní orúnkún. "Mo ti lé ajá lọ. Ó sì ti gba ọmọ rẹ̀." Wọ́n á wọlé, wọ́n á bá ọmọ lábẹ́ ìyá rẹ̀, ìrù rẹ̀ ń jó bó ṣe ń mu ọmú.

"Kí lẹ sọ fún un?" ni wọ́n máa ń bi í.

"Mo ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ í sọ kì í sọ púpọ̀," ni Lọ́yà á wí, òun tí kò sí ẹni tó rí i kó dákẹ́ rí.

Gbogbo àdúgbò gbà pé ahọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìyanu. Ajá yẹn nìkan ló ń yọ aránṣọ lẹ́nu. Lọ́dún tí Máfọwọ́kànmí kọ́kọ́ bímọ, ojú aránṣọ kòró ló ṣe: ajá alápatà gbóòórùn ẹ̀jẹ̀, ó já wọlé, ó ń gbó. Máfọwọ́kànmí tó ti kọ ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ sáré dúró lórí ọmọ náà, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀, ó sì kan ajá jáde. Wọ́n ní kí alápatà máa so ajá rẹ̀, ó sì so ó. Lọ́dún kejì, wọ́n tún gbọ́ gbígbó. Nígbà tó yá, ajá alápatà kú. Wọ́n ṣì ń gbọ́ gbígbó. Ẹ̀rù ba alápatà. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òkú ajá òun ni. Lọ́yà mi orí, ó ní òun kò lè sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀, òun kò sì lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, alápatà kò wá bẹ̀ ẹ́ mọ́ pé kó ta ọmọ àgùntàn fún òun.

"Àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́," ni aránṣọ ń wí. "Ẹ wá nǹkan ṣe sí ajá yìí."

"Mò ń wá nǹkan ṣe sí i, ìyá wọn."

Nígbà tí kò rí nǹkan kan tí ọkọ rẹ̀ ṣe, aránṣọ gbé korobá omi tútù sí ẹ̀bá fèrèsé ilé àgùntàn. Bó ṣe gbọ́ gbígbó, ó da omi náà wọlé ṣàà! Gbígbó náà dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ jáde, omi ń ro tótó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Háà! Ó ta sí yín lára ni?"

"Rárá. Ajá yẹn ló gbọn ara rẹ̀ sí mi lára."

"Gbogbo omi yìí?"

"Irun rẹ̀ pọ̀," ni Lọ́yà wí, ó sì sín.

Ọdọọdún ni obìnrin náà ń da omi láti ìgbà yẹn. Ọdọọdún ni Lọ́yà ń jáde pẹ̀lú omi lára, tí á sì máa sín káàkiri ilé. Kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan rí. Aránṣọ rò pé ajá yẹn ló jẹ́ aláìgbọ́ràn.

Bí Lọ́yà ṣe kú náà jọ ọ́. Dókítà ní kó dùbúlẹ̀. Ó bá dókítà jiyàn pé ara òun yá, ó kó ẹ̀rí sílẹ̀, ó sì borí. Kò pẹ́ sí i ló sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tí kò sì jí. Káfíńtà ló kan pósí. Ó fá pákó tó wà níbi orí, ó tún un fá, títí ó fi ń dán. Nígbà tí wọ́n bi í ohun tó ń wá, ó ní pákó kò gbọdọ̀ tún dun Bàbá lórí mọ́.

Aránṣọ kò sunkún púpọ̀ lójú àwọn èèyàn. Ó lọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán. Àmọ́ ilé náà dákẹ́ ju bó ṣe fẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo. Kò sẹ́ni tó jí àgékù aṣọ, bẹ́ẹ̀ kò ti àpótí ọ̀hún mọ́. Ó wá rí i pé òun ń lọ sí ilé àgùntàn láìsí ìdí, òun ń dúró síbẹ̀, òun ń mí èémí wọn. Àwọn ẹranko tó ti ń ṣépè fún láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló wá di èyí tí ara ń tù ú lọ́dọ̀ wọn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú ńlá, wá sílé nígbà tí àsìkò ìbímọ kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí á ta àwọn àgùntàn yìí. Orúnkún yín kò gbé e mọ́. Yàrá kan wà nílé mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó mọ́ tónítóní."

Aránṣọ mọ yàrá ọ̀hún. Kò sí nǹkan ẹlẹ́mìí kankan nínú rẹ̀ ju aago lọ, aago náà kì í sì í ké mẹ̀ẹ́ẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n bímọ ná," ló wí. "Tí mo bá pàdánù ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo, mo gbà. Kí alápatà wá kó wọn, kí n tẹ̀ lé ọ."

"Ṣé ẹ ṣèlérí?"

"Mo ti sọ ọ́."

Ó ká apá aṣọ sókè, ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí láti ẹnu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí wá kò lọ lásán. Bí ọmọ bá jáde, á nu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò ní imú rẹ̀, á fi èhù koríko rìn ín nímú kó lè sín, kó sì mí. Á fi aṣọ gbígbẹ nu ara rẹ̀ títí á fi móoru, á fi oògùn sí ìdodo rẹ̀, á sì rí i dájú pé ó mu wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó pọ́n bí òróró. Ọmọ kan fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo jáde. Ó fọ ọwọ́, ó fi ọṣẹ pa á, ó wá ẹsẹ̀ kejì rí nínú lọ́hùn-ún, ó sì fa ọmọ náà jáde bí ẹni ń fa apá ẹ̀wù síta. Ọmọ rẹ̀ nọ́ọ̀sì dúró tì í, ẹnu yà á. Àwọn àgùntàn ń bí, ọmọ ń yè. Máfọwọ́kànmí nìkan ló kù.

Máfọwọ́kànmí bí tirẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ òjò kan. Akọ ni, ó dúdú lójú bí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó sì fi orí gbá a sínú koríko. Aránṣọ gbé e padà sábẹ́ ọmú. Ó tún gbá a. Ó di ìyá mú kí ọmọ lè mu, àmọ́ ìyá náà tàpá, ó sì gbé obìnrin náà ṣubú pẹ̀lú ṣíkẹ́ẹ̀tì tó lọ̀. Wọ́n gbìyànjú fídà. Ọmọ náà kò fa á. Nígbà tó di ọ̀sán, aránṣọ fi ìka sí ọmọ náà lẹ́nu, ó sì bá inú ẹnu rẹ̀ ní tútù. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ ti sa gbogbo ipá yín. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún alápatà kó wá lọ́la."

"Lọ gbé omi kaná fún mi. Kí o sì ti ilẹ̀kùn."

Ó ku òun àti Máfọwọ́kànmí. Ó kó ìyá àti ọmọ sínú yàrá kékeré náà, ó jókòó sórí koríko, ó sì pinnu láti sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ máa ń sọ.

"Jọ̀ọ́," ló wí fún àgùntàn náà. Kò tíì bẹ àgùntàn rí. "Mo mọ̀ pé èmi àti ẹ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ lo fẹ́ rí. Èmi náà, ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ."

Máfọwọ́kànmí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni ń béèrè pé ẹkùn ọ̀hún dà.

Aránṣọ náà wò yíká. Òótọ́ ni, kò sí ẹkùn. Ajá pàápàá kò wá lọ́dún yìí. Ó ṣe jẹ́ pé ọdún tí Lọ́yà kò sí ni ajá kò wá? Ó rántí ajá alápatà lọ́dún àkọ́kọ́, bí Máfọwọ́kànmí ṣe fẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀. Ó rántí pé ajá náà ti kú. Ó rántí fèrèsé tí kò ju abọ́ lọ. Ó rántí orúnkún ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó máa ń kún fún koríko, àti kókó iwájú orí, àti gbogbo omi yẹn.

"Yéè," ló wí. "Yéè, baba wọn!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, títí omijé fi gba ojú rẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń bọ́ fìlà fún nítorí ahọ́n rẹ̀! Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún àgùntàn yìí rí láyé. Orí ìkúnlẹ̀ ló máa ń wà, tó ń gbó.

Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ tó wà nínú koríko, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ti dẹ́kun kíké. Ó wo ilẹ̀kùn, ó tì. Ó wo fèrèsé, kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó rántí ìbúra tó búra pé òun kò ní ké bí ẹranko mọ́, ó ní kí Ọlọ́run má ka ìyẹn sí. Ó fi ọwọ́ tẹ́ ṣíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó gún, ó sì kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀.

Gbígbó àkọ́kọ́ dà bí ikọ́. Máfọwọ́kànmí wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Ó gbó lẹ́ẹ̀kejì. Ó sàn díẹ̀. Ó wá rántí yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti aago rẹ̀, ó rántí ẹni tó ti kúnlẹ̀ síbí yìí lọ́dọọdún, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbó tọkàntọkàn, ó gbó bí ajá tí ebi ti ń pa láti ọdún tó kọjá, ó sì ń rá bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọmọ náà bó ṣe ń gbó.

Máfọwọ́kànmí dáwọ́ àpọ̀jẹ dúró. Etí rẹ̀ nà. Ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì, ó tún fi kilẹ̀ gbì, ó sì bẹ́ gìjà dúró lórí ọmọ rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó dojú kọ aránṣọ pé kó wá, kó wá dán an wò. Aránṣọ rá sẹ́yìn. Àgùntàn náà bẹ orí wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Ọmọ náà mi. Ó gbọ̀n, ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde, ó wá ọmú kiri, ó sì rí i. Ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ẹsẹ̀ èèyàn dún níta. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

"Màmá! Ẹ má bẹ̀rù! Mo gbọ́ ọ!" Káfíńtà ni, ó gbé pákó sókè réré.

"Má lù mí o!"

Pákó dúró lókè. Káfíńtà wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀, koríko kún irun rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nọ́ọ̀sì dé lẹ́yìn káfíńtà, ó ń mí hẹlẹ. "Màmá, ajá dà?"

Aránṣọ dìde díẹ̀díẹ̀. Ó gbọn ṣíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ó ti lọ," ló wí. "Ó gba ojú fèrèsé."

Káfíńtà wo fèrèsé. Ó wo orúnkún ìyá náà. Ó wo ọmọ tó ń mu ọmú. Pákó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré, "lọ́jọ́ yẹn… Bàbá…"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò sí ajá?"

"Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, kò sí ajá rí."

Káfíńtà yíjú, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tó dúró ṣánṣán lórí ìdè irin rẹ̀. "Mo kan èyí lọ́fẹ̀ẹ́," ló wí. "Mo bẹ̀ wọ́n títí ohùn mi há. Wọ́n ní àánú mi ló ṣe àwọn!" Ó fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló jáde. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó máa lọ, ó gbé pákó rẹ̀ há abíyá. "Màmá, tí ajá yẹn bá tún wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má lé e. Ẹ jẹ́ kó máa wá."

Ọmọ aránṣọ kò sọ̀rọ̀ alápatà mọ́. Ó dúró wo ìyá rẹ̀ díẹ̀, ó yọ koríko kan kúrò ní irun rẹ̀, ó sì lọ wo omi tó gbé kaná.

Aránṣọ jáde sí ẹ̀bá fèrèsé. Òjò ti dá. Korobá yẹn ṣì wà níbi tó ti ń gbé e sí lọ́dọọdún, òjò sì ti rọ kún un. Ó da omi náà sílẹ̀, ó dojú korobá dé, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

"Baba wọn," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nítorí omi yẹn. Ó tutù, mo mọ̀."